Ṣé háànẹ̀sì ló ń ba ìbàdí wa jẹ́, àbí bí a ṣe ń pẹ́ lórí igi?

Ìbéèrè:

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Iṣẹ́ gígun igi àti gígé ẹ̀ka ni mò ń ṣe ní Kent níbí, nílẹ̀ England, èmi ni mò ń gùn ún fún ilé-iṣẹ́ kékeré kan. Láti bí ọdún kan sẹ́yìn, tí mo bá ti sọ̀kalẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ìbàdí mi á máa ro, ẹ̀gbẹ́ itan mi òsì á sì kú tì. Bàbá mi gun ọ̀pẹ nílé títí ó fi dàgbà, igbà lásán ló fi ń gùn ún, n kò gbọ́ kó ráhùn rí. Èmi tí mo wọ háànẹ̀sì olówó gọbọi, ọ̀já ààbò tí a ń dè mọ́ ìbàdí àti itan, èmi ni mo ń di ògiri mú kí n tó lè wọlé. Ṣé kì í ṣe ohun èlò òyìnbó yìí ló ń pa wá díẹ̀díẹ̀ báyìí? Àbí kí n padà sí igbà ni?

* * *

Àbúrò, má padà sí igbà. Bí o bá gbé igbà dé ibi iṣẹ́ ní Kent, o ò ní tíì kúrò nílẹ̀ tí wọ́n á fi ní kó o máa lọ sílé. Ṣùgbọ́n mi ò fi ìbéèrè rẹ ṣe ẹ̀fẹ̀. Mo fi igbà kọ ẹyìn nílé kí n tó fojú kan háànẹ̀sì, háànẹ̀sì ni mo sì fi ń jẹun báyìí, nítorí náà ohun tí ara mi mọ̀ ni mo fẹ́ sọ.

Igbà kì í jẹ́ kí èèyàn pẹ́ lókè. Ẹ wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Okùn kan ṣoṣo ló yí ọ̀pẹ àti ẹ̀yìn rẹ ká. O fẹ̀yìn tì í, o fi àtẹ́lẹsẹ̀ ti ara ọ̀pẹ, ìwúwo rẹ wá pín sọ́nà méjì: apá kan wà lórí ẹsẹ̀, apá kan wà ní ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn níbi tí igbà ti fún ọ. Kó o tó gun sókè, wàá sún mọ́ ọ̀pẹ díẹ̀ kí igbà lè dẹ̀, wàá jù ú sókè, wàá tún fẹ̀yìn tì í. Kò sí ohun tó gbá itan mú, kò sí ibi ìjókòó. Kò ní pẹ́ tí àtẹ́lẹsẹ̀ á fi máa jó ọ, tí orúnkún á máa gbọ̀n. O gé ìdì ẹyìn, o sọ̀kalẹ̀, o rìn lọ sídìí ọ̀pẹ mìíràn. Ìrìn láti ìdí ọ̀pẹ kan sí èkejì yẹn, ìsinmi ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé akọ̀pẹ kò ní pè é bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ ń ná, ẹ̀yìn ń dúró ṣánṣán, ẹ̀jẹ̀ ń sàn.

Háànẹ̀sì ní tìmùtìmù ní ìbàdí, ó ní ọ̀já itan méjì, àwọn mìíràn tilẹ̀ ní pátákó ìjókòó. Èèyàn lè wà lórí igi oak kan láti àárọ̀ títí oúnjẹ ọ̀sán, kó jẹun tán, kó tún padà sórí igi yẹn kan náà. Ara ò ní pariwo lásìkò. Igbà máa ń lé èèyàn sọ̀kalẹ̀, háànẹ̀sì kì í léni. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni ìrora rẹ ti ń wọlé. Háànẹ̀sì kò le ju igbà lọ, ó rọ̀ jù ú lọ ni, ìyẹn ló jẹ́ kó o lè fi wákàtí mẹ́fà ṣe ohun tí bàbá rẹ kò lè fi ìdajì wákàtí ṣe láìsọ̀kalẹ̀.

* * *

Bàbá tó kọ̀wé láti Ìkàrẹ́, ẹ kú àgbà o. Ẹ ní láyé tiyín akọ̀pẹ kò mọ ohun tó ń jẹ́ ẹ̀yìn dídùn, pé ọ̀lẹ ló ń da àwọn ọmọ òde òní láàmú. Ẹ má bínú sí mi, n kò lè gbà fún yín níbẹ̀ yẹn.

Àwọn akọ̀pẹ tó dàgbà ni ẹ ń rántí, torí àwọn ni wọ́n jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí wọ́n ń sọ̀tàn. Èyí tí igbà já mọ́ lókè, tàbí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ lẹ́yìn òjò, kò sí níbẹ̀ láti já wọn nírọ́. Ẹ bi àwọn dókítà eegun nílẹ̀ wa léèrè. Ìjábọ́ láti orí ọ̀pẹ wà lára ohun tó ń gbé àwọn tí ọ̀pá ẹ̀yìn wọn ṣẹ́ wá sọ́dọ̀ wọn, ọ̀pọ̀ wọn kì í sì í fẹsẹ̀ ara wọn rìn mọ́. Igbà kò ní èkejì. Tó bá já, ó parí. Tí ẹsẹ̀ bá sì yọ̀, kò sí ọ̀já itan tó máa gbá ẹni mú. Igbà á fà gòkè sí abẹ́ apá, tàbí kí èèyàn yọ bọ́ nínú rẹ̀.

Wọ́n sì ráhùn o! Làkúrègbé ni wọ́n ń pè é, wọ́n ń mu àgbo sí i, ìyàwó ń fi òrí gbígbóná ra ẹ̀yìn wọn lálẹ́. Gbogbo akọ̀pẹ tí mo mọ̀ ní abúlé wa ló ní ibi tó dúdú tó sì le ní ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn, níbi tí igbà ti ń ha wọ́n. Àwa ọmọdé rò pé bí wọ́n ṣe bí wọn nìyẹn.

Ní Ìkálẹ̀, lápá Okitipupa, àwọn Urhobo ló ń kọ púpọ̀ nínú ẹyìn ibẹ̀ láti ayé òyìnbó amúnisìn. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti owó wà nínú rẹ̀. Síbẹ̀ mo máa ń bi ara mi pé, tí gígun ọ̀pẹ bá rọ ara lọ́rùn tó bí ẹ ṣe wí, ṣé àwọn onílẹ̀ ì bá ti yára gbé e lé àlejò lọ́wọ́ bẹ́ẹ̀?

* * *

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sí itan àbúrò wa. Nọ́ọ̀sì tó dá sí i lálẹ́ àná, tó ní bẹ́líìtì ló ń tẹ iṣan kan, ló sún mọ́ ọ̀rọ̀ náà jù lọ.

Iṣan ìmọ̀lára kan wà tó gba iwájú eegun ìbàdí kọjá lọ sí ẹ̀gbẹ́ itan lóde. Kì í ṣe òun ló ń gbé ẹsẹ̀, ìmọ̀lára awọ ibẹ̀ nìkan niṣẹ́ rẹ̀. Bí bẹ́líìtì bá ń tẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́, ibẹ̀ á kú tì, tàbí kó máa jó, kó máa ta èèyàn ṣáńṣáń. Meralgia paresthetica ni àwọn dókítà ń pè é. Ó ń ṣe aboyún, ó ń ṣe ẹni tó tóbi níkùn, ó ń ṣe ọlọ́pàá àti sójà tó ń di bẹ́líìtì wúwo. Bí ẹsẹ̀ bá wá rọ, bí kíkú tì náà bá sọ̀ kọjá orúnkún, tàbí tó dé ojú ara, tàbí tí ìtọ̀ àti ìgbẹ́ bá yí padà, ìyẹn ti kúrò ní ọ̀rọ̀ bẹ́líìtì. Ilé ìwòsàn ni lọ́jọ́ náà gan-an, má wá ka èsì wa mọ́.

Tí kò bá sí ìkankan nínú ìyẹn, ṣe èyí kó o tó ra háànẹ̀sì tuntun. So ara rẹ kọ́ sórí okùn, kí ẹsẹ̀ rẹ kúrò nílẹ̀ díẹ̀, kó o jókòó sínú rẹ̀ bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá láìṣe nǹkan kan. Níbo ni ìwúwo rẹ jókòó sí? Tó bá jẹ́ ìbàdí ló ń gbé ọ, ọ̀já itan rẹ ti dẹ̀ jù. Èyí tó pọ̀ jù nínú wa ń fún bẹ́líìtì ìbàdí pinpin, a sì ń fi ọ̀já itan sílẹ̀ gbọ̀jẹ̀gẹ̀ kó lè rọrùn láti rìn nílẹ̀. Lókè, ìbàdí ló ń san gbèsè yẹn. Itan ló yẹ kó gbé èyí tó pọ̀ jù. Bẹ́líìtì náà, òkè eegun ìbàdí ló yẹ kó wà, kó má jókòó lórí ṣóńṣó eegun níwájú, torí ibẹ̀ gan-an ni iṣan yẹn ń gbà.

Ìbéèrè mi sí ọ nìyí: kí lo ń gbé kọ́ sí apá òsì? Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé ẹ́ńjìn agégi ni. Stihl MS 201 tí ọ̀pọ̀ ń lò lókè igi sún mọ́ kìlógíráàmù 4 ká tó rọ epo sí i, ká tó fi irin àti ṣéènì rẹ̀ sí i. Ìyẹn ń fa bẹ́líìtì sísàlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Wá ọ̀já èjìká tí wọ́n ń so mọ́ háànẹ̀sì, kí èjìká bá ìbàdí ru díẹ̀. Má sì gbé ohun tí o kò lò lórí igi yẹn gùn ún. Mo ti rí ọmọkùnrin tó gbé karabiner, ìkọ́ irin tí a fi ń so okùn, tó tó mẹ́wàá gòkè, méjì ló lò.

* * *

Ẹni tó kọ̀wé láti Houston ní kí gbogbo wa jáwọ́ nínú okùn tó ń lọ tó ń bọ̀, ká bọ́ sórí okùn tó dúró sójú kan, pé gbogbo ìrora á lọ. Ó fi àwòrán ṣèrànwọ́, ẹ kú iṣẹ́.

Fún àwọn tí kò mọ ìyàtọ̀: ti àtijọ́, okùn náà gba orí ẹ̀ka kọjá, ó sì padà wá sọ́dọ̀ rẹ, òun àti ìwọ jọ ń rìn. Tó o bá fa mítà kan, ìdajì mítà lo gùn. Ọwọ́, èjìká àti ẹ̀yìn ló ń fà á. Ti tuntun yìí, wọ́n so okùn pa, kò lọ kò bọ̀, ìwọ lò ń gùn ún. Ohun kékeré kan tó ń di okùn mú wà lára bàtà, òmíràn wà ní orúnkún, o sì ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ gòkè.

Òótọ́ ni pé èjìká mi sàn nígbà tí mo yí padà. Apá mi kì í wúwo lálẹ́ mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ náà: orúnkún mi wá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tirẹ̀, iwájú ìbàdí níbi tí itan ti ń ká náà bẹ̀rẹ̀. Ìrora kò lọ, ó ṣí kúrò níbì kan lọ síbòmíràn. Ohun tí ẹnikẹ́ni kì í sì í sọ ni pé, torí gígùn ti rọrùn, igi tí à ń gùn lóòjọ́ ti pọ̀ sí i. Ọ̀gá ti rí i pé ìṣẹ́jú díẹ̀ lo fi dé òkè, ó wá fi igi kan kún un. Ta ló jèrè nínú agbára tó o dá sí?

Èrò mi ni kí o mọ méjèèjì, kó o sì máa pààrọ̀ wọn. Igi gíga tó ga gbọnrangandan, fi ẹsẹ̀ gùn ún. Igi kúkurú tó fẹ̀, tó gba kó o máa lọ kó o máa bọ̀ lórí ẹ̀ka, ti àtijọ́ ṣì dára níbẹ̀. Bó o bá lo ọ̀kan títí ọdún fi yí po, ibì kan náà ni wàá máa ha.

* * *

Ẹnì kan bínú: "Kí ni gbogbo wàhálà gígun ọ̀pẹ yìí? Ẹ gbin ọ̀pẹ kúkurú, kí ẹ fi dòjé gé e láti ilẹ̀!"

Tóò, a ti yà kúrò ní Kent o, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ gidi ni. NIFOR, ilé ìwádìí ọ̀pẹ tó wà nítòsí ìlú Benin, ti wà lẹ́nu iṣẹ́ irú ọ̀pẹ tó sàn láti 1939, nígbà tí kò tíì ń jẹ́ orúkọ yẹn. Ẹni tó bá fẹ́ dá oko tuntun, kó lọ ra èso wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀pẹ tó wà nínú igbó abúlé wa, ẹnikẹ́ni kò gbìn ín, ó sì ti ga ju ilé alájà mẹ́rin lọ. Ta ló fẹ́ gé e kúrò kó tó rí owó ọmọ iléèwé san?

Àti dòjé orí ọ̀pá gígùn náà, ẹ má rò pé ọ̀fẹ́ ni. Ẹ lọ bi àwọn tó ń lò ó nínú oko ńlá. Ojú òkè ni wọ́n ń wò láti àárọ̀, ọrùn wọn kì í lè yí dáadáa lálẹ́, apá méjèèjì wà lókè orí, ọ̀pá ń mì. Tí ìdì ẹyìn bá já, wọ́n gbọ́dọ̀ sá. Wọn kì í já bọ́ láti òkè, ìyẹn dára púpọ̀, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ ju igbà lọ fún ọmọ tèmi. Ọrùn wọn ni wọ́n fi ń san tiwọn.

* * *

Irin ẹsẹ̀ tí wọ́n ń dè mọ́ ojúgun, tó ní ṣóńṣó tí wọ́n fi ń gún ara igi: kúkúrú ni n ó sọ. Igi tí a fẹ́ gé lulẹ̀ nìkan la fi ń gùn, torí ó ń dá egbò sára igi tó máa wà láàyè. Fún ara tiwa, wo gígùn ọ̀pá irin náà. Tó bá kúrú jù, etí òkè rẹ̀ á máa jẹ eegun ojúgun. Tó bá gùn jù, á máa gbá orúnkún tó o bá ká ẹsẹ̀. Ó ṣeé sún sókè sún sísàlẹ̀, ẹ sún un! Bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ rọ̀ kò bá a lọ, àárín àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ á máa ká mọ́ irin náà.

* * *

Èyí ni mi ò ní fẹ̀sọ̀ sọ rárá. Ẹ̀yin mẹ́ta lẹ ti gba àbúrò níyànjú pé kó lo Alábùkún kan láàárọ̀ kó tó gùn, ẹnì kan sì dárúkọ tramadol.

Aspirin àti kaféènì ló wà nínú Alábùkún. Mo mọ̀ pé bàbá wa tó ṣe é ní Abẹ́òkúta láyé ọjọ́un ṣe é dáadáa, orí fífọ́ ló wà fún. Aspirin kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì. Ìwọ tó o gbé ẹ́ńjìn agégi lọ́wọ́ kan, tó o so mọ́ igi lókè, ṣé ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ kò ní tètè dá lo fẹ́ yàn? Tramadol tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ń fa òòyì, ó ń mú oorun wá, ó sì ń di bárakú. Nílé wa, a rí ohun tó fi àwọn onímọ́tò àti alágbàáṣe ṣe.

Oògùn tó bá pa ẹnu ara mọ́ lórí igi, ọ̀rọ̀ háànẹ̀sì tí mo sọ lókè náà ló tún wá dá sílẹ̀: á jẹ́ kó o pẹ́ níbi tó yẹ kó o ti kúrò. Tó bá di dandan kó o lo nǹkan kan, lò ó lálẹ́ nílé, kó o sì sọ fún dókítà. Tí o kò bá lè gùn láìlo oògùn, wà nílẹ̀ lọ́jọ́ náà, fa ẹ̀ka.

* * *

Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin tó bèèrè nípa ìka ọkọ rẹ̀ tó ń funfun nígbà òtútù: ẹ má rò pé háànẹ̀sì ni, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe èèmọ̀. Gbígbọ̀n ẹ́ńjìn ló ń ba àwọn iṣan kéékèèké ọwọ́ jẹ́, òtútù sì ń mú un burú sí i, sìgá náà pẹ̀lú. Tó bá ti jinlẹ̀, kì í padà.

Òfin wà lórí rẹ̀ ní Britain láti 2005. Ìwọ̀n gbígbọ̀n tí ọwọ́ bá gbà lóòjọ́ wákàtí mẹ́jọ, tó bá ti dé 2.5 m/s², ọ̀gá gbọ́dọ̀ wá nǹkan ṣe sí i. Kò gbọdọ̀ kọjá 5. Bí ẹ́ńjìn kan bá ń gbọ̀n ní ìwọ̀n 5, wákàtí méjì tí ìka wà lórí rẹ̀ ti tó láti dé 2.5 yẹn. Tó bá ń gbọ̀n ní 10, ààbọ̀ wákàtí ni. Nọ́ńbà náà wà nínú ìwé tó bá ẹ́ńjìn wá, ẹ ní kó wò ó. Ẹ́ńjìn oníbátìrì kì í sábà gbọ̀n tó ti epo, kò sì ní èéfín. Ìbọ̀wọ́ gbígbẹ dára, kó ní méjì-méjì lápò, torí tí ọ̀kan bá tutù, ó ti di òtútù nìyẹn. Kó lọ rí dókítà kí ìka tó bẹ̀rẹ̀ sí í kú tì nílé nígbà tí kò tilẹ̀ fọwọ́ kan iṣẹ́.

Ọkọ yín ń fi í pa mọ́ torí kí wọ́n má gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo mọ̀. Gbogbo wa la ń ṣe bẹ́ẹ̀.

* * *

Ọ̀rọ̀ okùn méjì ti dá ìjà sílẹ̀, n ó dá sí i.

Òfin iṣẹ́ lókè ti 2005 ní Britain ti sọ ọ́ pé kí ẹni tó bá ń fi okùn ṣiṣẹ́ ní okùn méjì tí wọ́n so síbi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, àyàfi tí ìkejì bá máa dá ewu tó pọ̀ sí i sílẹ̀. Nínú iṣẹ́ igi, ọ̀pọ̀ ọdún la fi fojú fò ó, kó tó di nǹkan bí ọdún 2020 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹnu mọ́ ọn gan-an. Àwọn kan ń pariwo pé ó fi kún ẹrù, pé okùn ń lọ́ mọ́ra. Ẹrù pọ̀ sí i lóòótọ́, ìbàdí mi mọ̀. Ṣùgbọ́n okùn kejì tún ń ṣe ohun tí àwọn tó ń pariwo kò kà sí. Ó ń dá ọ dúró lápá ọ̀hún tó o bá jìnnà sí ibi tí o so ti àkọ́kọ́. Kó tó dé, ikùn àti ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yìn la fi ń dá ara wa dúró kí a má fì padà, ẹ́ńjìn wà lọ́wọ́ kan, a há bí alángbá sára ẹ̀ka. Láti ìgbà tí mo ti ń lo okùn kejì láti fi mú ara mi dúró, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yìn mi ti rí ìsinmi. Ẹni tó bá so ó lásán láti tẹ́ òfin lọ́rùn, tí kò fi ara tì í, ẹrù nìkan ló gbé.

Èyí tó sì kàn, ta ló yẹ kó ra háànẹ̀sì? Ohun ààbò ara tó jẹ́ ti iṣẹ́, ọ̀gá ló gbọ́dọ̀ pèsè rẹ̀ ní Britain, kò sì gbọdọ̀ yọ owó rẹ̀ nínú owó oṣù. Láti oṣù kẹrin ọdún 2022 ni wọ́n ti fẹ òfin yẹn dé ọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ tí kò ní ìwé iṣẹ́ tó péye. Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ ara rẹ̀ nìkan ni kò kàn. Ibi tí wọ́n ti ń rẹ́ àwọn èèyàn wa jẹ nìyí: ọ̀gá á ní "ara ẹ lo ń ṣiṣẹ́ fún" lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ háànẹ̀sì bá dé, àmọ́ tó bá di àárọ̀ Monday, òun ló ń sọ aago tó o gbọ́dọ̀ dé, igi tó o gbọ́dọ̀ gùn, àti ìgbà tó o lè jẹun. Ẹ bi àwọn tó mọ òfin iṣẹ́ kí ẹ tó náwó ara yín.

* * *

Ìbéèrè kan sá sí àárín èsì, n kò fẹ́ kó sọnù: ṣé òótọ́ ni pé kíkọ́ sínú háànẹ̀sì lè pa èèyàn?

Tó bá ń mira, rárá. Tó bá dákú, tàbí tí apá rẹ̀ ṣẹ́ tí kò lè mira, bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀jẹ̀ á dúró sísàlẹ̀ nínú ẹsẹ̀ torí iṣan ẹsẹ̀ kò tì í gòkè mọ́, kò sì ní pẹ́ tí ara á fi kọ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹnì kejì tó mọ̀ ọ́n gùn fi gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀, pẹ̀lú háànẹ̀sì tirẹ̀ nítòsí, kì í ṣe nínú mọ́tò tí wọ́n ti tì. Láyé àtijọ́ wọ́n máa ń sọ pé kí ẹ má tẹ́ ẹni tí ẹ gbé sọ̀kalẹ̀, kí ẹ mú un jókòó. HSE, àjọ tó ń rí sí ààbò lẹ́nu iṣẹ́ ní Britain, ti yẹ ọ̀rọ̀ yẹn wò, wọn kò rí ẹ̀rí fún un. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja, kí ẹ ṣe ìtọ́jú pàjáwìrì bó ṣe yẹ, kí ẹ pe 999.

Ìwọ tí o kò dákú náà, pajápajá àti kíkú tì ẹsẹ̀ jẹ́ ọmọ ìyá kan náà pẹ̀lú èyí. Máa fi ẹsẹ̀ ti ẹ̀ka, máa dìde dúró nínú háànẹ̀sì nígbàkúùgbà. Ohun tí akọ̀pẹ ń rí gbà lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà tó ń rìn lọ sídìí ọ̀pẹ kejì, ìwọ ní láti wá a fúnra rẹ.

* * *

Àbúrò ti padà wá. Ó ní òun fún ọ̀já itan, òun gbé ẹ́ńjìn lọ sí apá ọ̀tún, ibi tó kú tì ti kéré sí i, ṣùgbọ́n ìbàdí ṣì ń ro. Ó tún ní ẹnì kan ń ta háànẹ̀sì àlòkù lórí Facebook, irú tó dára, owó pọ́ọ́kú, ṣé kí òun rà á?

Má rà á. O ò mọ iye ìgbà tó já bọ́, o ò mọ̀ bóyá wọ́n da epo tàbí ásíìdì bátìrì sí i, okùn rírán sì lè ti kú nínú kó má hàn lóde. Ohun tí wọ́n fi aṣọ tàbí ọ̀rá ṣe, Petzl, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe háànẹ̀sì, fúnra wọn kò fún un ju ọdún mẹ́wàá lọ láti ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú àpótí ló wà. Ohun tó ń gbé èèyàn sókè, ẹni tó mọṣẹ́ gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò ní oṣù mẹ́fà-mẹ́fà níbí, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tó ń tà á, ní kó fi ìwé yẹn hàn ọ́. Wàá rí i bí yóò ṣe dákẹ́.

Ní ti ìbàdí, kò yà mí lẹ́nu. Ọ̀já itan kò lè dín wákàtí kù. Lọ bá ọ̀gá rẹ kó o ní kí ìwọ àti ẹni tó wà nílẹ̀ máa pààrọ̀: bó o bá gun ti àárọ̀, kí òun gun ti ọ̀sán. Tó bá ní ẹni yẹn kò mọ̀ ọ́n gùn, béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ta ló máa gbé ọ sọ̀kalẹ̀ lọ́jọ́ tó o bá dákú lókè.

Jẹ́ ká gbọ́ ohun tó bá fi dá ọ lóhùn.